Motif XS, XF àbí MOXF: èwo ló yẹ ká rà fún kwáyà wa l'Ógbómọ̀ṣọ́?

Onídùùrù Apákẹ́

Ẹ̀yin àgbà onídùùrù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí kí owó ṣọ́ọ̀ṣì tó jáde lápò. Kíbọ́ọ̀dù tá a ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Apákẹ́ níbí, Motif àkọ́kọ́ ni, èyí tí Yamaha gbé jáde lọ́dún 2001, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa torí òun ni mo fi mọ dùùrù tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, tí mo bá ti da piano àti strings pọ̀ tí mo wá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, àwọn nóòtì tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá tá a bá wà nínú orin ìjọsìn tó ń fà, káàdì SmartMedia tó ń lò yẹn náà ńkọ́, ta ló tún ń tà á?

Wọ́n ti wá fi mẹ́ta lọ̀ mí báyìí, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn: Motif XS7, Motif XF6 àti MOXF6. XF6 ló wọ́n jù. Ẹni tó ń tà á ní ohùn kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé orúkọ lásán lèèyàn ń sanwó lé lórí, ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ohun tá a fẹ́ fi ṣe ni piano àti ọ́gáànù fún hímù, brass tó lágbára fún àsìkò ìyìn, mo sì tún fẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ bíi gángan kó sì lù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, torí àwọn onílù wa kì í ráyè wá sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná náà ńkọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí, wọ́n lè mú un lọ lẹ́ẹ̀mejì kí ìwàásù tó parí. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an, èwo lẹ máa rà tó bá jẹ́ ẹ̀yin?

Tíṣà Sọ́fà

Àbúrò, ó dáa tó o béèrè kó o tó sanwó. Ẹni tó fẹ́ tà á fún ẹ ò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán.

Jẹ́ kí n tò ó bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ lé ara wọn. Motif tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, ohùn tí wọ́n kó sínú ẹ̀ tó MB 84, nóòtì 62 ló sì lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí nóòtì fi ń já mọ́ ẹ lọ́wọ́, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Motif ES dé lọ́dún 2003, ohùn inú ẹ̀ di MB 175, nóòtì di 128. Nígbà tó di 2007, wọ́n gbé XS jáde, MB 355, níbẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yí padà, torí nínú àwọn tó ṣáájú ẹ̀, element mẹ́rin ni voice kan lè ní, XS sọ ọ́ di mẹ́jọ, ìyẹn ni pé ohùn kéékèèké mẹ́jọ ló lè pawọ́ pọ̀ di ohùn kan ṣoṣo lábẹ́ ìka ẹ, o sì lè sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á jáde, bóyá tó o bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí tó o bá fagbára tẹ̀ ẹ́. XF dé lọ́dún 2010, ojú ẹ̀ jọ ti XS débi pé tó o bá dúró lókèèrè o lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n MB 741 ló wà nínú ẹ̀. MOXF wá dé lọ́dún 2013 pẹ̀lú MB 741 yẹn náà àti nóòtì 128.

Torí náà, tí wọ́n bá ní ohùn kan náà ló wà nínú XF àti MOXF, òótọ́ ni. Ti XS ni kì í ṣe òótọ́, kò tó ìdajì. Kó o sì ṣọ́ra o, MOX kan wà tí kò ní F, ti 2011, MB 355 ló ní, nóòtì 64 péré, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pè é ní MOXF lọ́jà, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ka orúkọ tó wà lára ẹ̀ fúnra ẹ.

Má sì jẹ́ kí 128 yẹn tàn ẹ́, element kọ̀ọ̀kan tó bá ń dún ló ń jẹ nínú ẹ̀. Tí voice kan bá ní element mẹ́jọ tí gbogbo wọn ń dún pa pọ̀, kọ́ọ̀dù oníka mẹ́rin ti jẹ 32 nìyẹn, kó o tó wá gbé strings lé e.

Ní ti piano, mi ò ní purọ́ fún ẹ, Full Concert Grand tó wà nínú XS tó fún hímù èyíkéyìí. Ìjọ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti XF. Brass ni mo ti gbọ́ ìyàtọ̀, ti XF gbó lẹ́nu ju ti XS lọ létí tèmi, tí trumpet bá wọlé o mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ ẹ.

Iná Under G

Ẹ káàsán o, Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n onídùùrù, ọ̀rọ̀ iná tẹ́ ẹ mú wá yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fi yàn án, torí ibẹ̀ ni XS àti XF ti ya ara wọn jìnnà jù, ẹni tó ń tà á ò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Àwọn ohùn tó bá a wá látilé iṣẹ́ ò ní lọ síbì kankan, iná ì báà lọ nígbà ogún. Voice tẹ́ ẹ bá tún ṣe tẹ́ ẹ sì tẹ Store, òun náà á wà ńbẹ̀. Sample ni wàhálà wà, ìyẹn ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ fúnra yín. Nínú XS, orí mẹ́mọ̀rì DIMM ni sample ń jókòó sí, ẹ lè fi tó GB 1 sínú ẹ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ geere ló gbé e ró, tó bá ti ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ máa tún kó o láti orí fláàṣì USB ni. Tí inverter yín bá sì jẹ́ èyí tó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA, kíbọ́ọ̀dù á kú á tún jí, ẹ wá wò ó, pásítọ̀ ti parí àdúrà, wọ́n ń retí ìlù gángan, kíbọ́ọ̀dù ṣì ń kó sample.

XF náà ní MB 128 tirẹ̀ tó máa ń pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààyè méjì tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀dù fláàṣì sí, FL512M tàbí FL1024M lorúkọ wọn, ohun tẹ́ ẹ bá kó sórí ìyẹn ò ní pa rẹ́, iná ì báà lọ ní gbogbo ọjọ́. MOXF ní ààyè kan fún bọ́ọ̀dù kan náà. Bọ́ọ̀dù yìí kì í bá tòkunbọ̀ wá tí kì í bá ṣe pé ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti rà á sínú ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí XF tó ti ní in, owó díẹ̀ lórí ẹ̀ ò burú. Mi ò ní gbà yín níyànjú XS láé fún ẹni tó fẹ́ fi ohùn ilẹ̀ wa sínú ẹ̀ tó sì ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe bó ṣe ń ṣe yìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Wáyà iná XF ń wọ inú ara ẹ̀ tààrà. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà tàbí Japan ló ti wá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí wáyà iná ń wọ̀, ẹ ka iye fóòtì (volt) tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 100 tàbí 120 ló kọ, ẹ má fi sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa o, ẹ fi step-down sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù. Ti MOXF rọrùn, ádápítọ̀ ló ń lò, fóòtì 12 ló ń gbé wọlé, inverter kékeré á gbé e láìmí kanlẹ̀.

Onídùùrù Apákẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. XS ti kúrò lórí tábìlì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló wá dé tí mi ò fi ní mú MOXF? Ohùn kan náà, nóòtì kan náà, ó ń gba bọ́ọ̀dù fláàṣì, bíi kìlò 7 ni gbogbo ẹ̀ nígbà tí XF6 lé ní 15, owó ẹ̀ sì dín. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ síbi ìsọjí.

Àǹtí Áltò

Kò burú tó o bá mú un, mo ní in, mò ń gbé e lọ sóde náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ ló máa sọ fún ẹ pé kò rí bákan náà, kì í ṣe etí ẹ.

Bẹ̀rẹ̀ látorí ọ́gáànù tó o dárúkọ yẹn. XF àti XS ní slider mẹ́jọ níwájú. Àwọn voice ọ́gáànù kan wà nínú wọn tí element mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró bíi drawbar, ìyẹn àwọn ọ̀pá tí wọ́n ń fà lára ọ́gáànù, slider kọ̀ọ̀kan ń gbé ọ̀kan sókè tàbí wálẹ̀, nítorí náà tó o bá ń lu hímù, o lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì péré ní ẹsẹ kìíní, kí kwáyà máa gbọ́ ara wọn, o ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ ṣe ń lọ, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ẹsẹ tó kẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ti jáde, ilé ti kún. Orin mìíràn wà tí kò nílò ju ìyẹn lọ. MOXF ò ní slider kankan, nọ́ọ̀bù ló ní, wàá máa yí iṣẹ́ wọn láti ọ̀kan sí òmíràn, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ọwọ́ kan ṣe nígbà tí ọwọ́ kejì ń lu bass.

Aftertouch tún wà. Nínú XF, tó o bá ti tẹ kọ́ọ̀dù tán, tó o wá tún tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i, ó lè mú kí brass wú sókè tàbí kí vibrato bẹ̀rẹ̀ nínú strings. Bọ́tìnnì MOXF ò ní i, modulation wheel ni wàá máa wá kiri. Ojú síkírìn tó wà lára XF tóbi, ó ní àwọ̀, ti MOXF kéré, dúdú àti funfun ni.

Èyí tó wá jẹ mí lọ́kàn jù ni effect. Tó o bá to ohùn mẹ́rin pọ̀ sínú Performance kan, nínú XF, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lo insertion effect tiwọn, ìyẹn ohun tó ń ṣe ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́ṣọ̀ọ́. MOXF mẹ́ta ló lè fún. Bó o bá wá kó Performance oníohùn mẹ́rin tí wọ́n ṣe sórí XF wá sórí MOXF, ìkẹrin á rù. Kì í ṣe pé ohùn ẹ̀ burú, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni wọ́n bọ́. Àwọn èèyàn á wá máa sọ pé MOXF ò dún bíi XF, bẹ́ẹ̀ ohùn ìpìlẹ̀ ò yàtọ̀ rárá.

Torí náà, bó bá jẹ́ piano àti strings lo máa ń tẹ̀ jù, tó o sì ń rìn kiri, MOXF. Bó bá jẹ́ pé ọ́gáànù ni ìjọ yín fẹ́ràn, tí kíbọ́ọ̀dù ò sì ní máa kúrò lórí pẹpẹ lọ títí, XF. Ìjọ Onítẹ̀bọmi lẹ jẹ́ àbí? Ọ́gáànù ni yín nígbà náà, má bá mi jiyàn.

Ọmọ Àyàn Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ilé, láti Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí gángan torí mo rí i pé gbogbo èèyàn ti fò ó dá, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ jù tí wọ́n kàn ń tijú àtisọ ọ́.

Ohùn talking drum tó máa ń bá kíbọ́ọ̀dù wá, ẹ má dá a lóhùn. Ìlù kan ni wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n wá nà án kárí bọ́tìnnì, tẹ́ ẹ bá tẹ òkè, ìlù á kéré bíi pé ọmọdé ló gbé e lọ́wọ́. Ìdí ẹ̀ rèé. Nígbà tí onílù bá fún ọsán mọ́ra lábẹ́ apá, awọ ló ń le, igi ìlù ò yí padà, bó ṣe tóbi náà ló ṣe wà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá gbé sample kan sókè, awọ àti igi ló gbé sókè pọ̀. Etí ọmọ Yorùbá ò lè gbà á.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gba ìlù gidi sílẹ̀, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, mí rè dò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí onílù sì lu ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kòǹgó ò ní balẹ̀ síbì kan náà, ìyẹn gan-an lẹ fẹ́. Ẹ wá fi ohùn kọ̀ọ̀kan sórí bọ́tìnnì tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn kọjá bíi bọ́tìnnì méjì. Ní ibi XA Control ti element, níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ ìgbà tí element á dún, ẹ yan Wave Random fún àwọn ìlù mẹ́ta tó jẹ́ ohùn kan náà, ẹ̀rọ á máa mú ọ̀kan jáde láìtẹ̀lé ètò, kò ní máa dún bíi ẹ̀rọ ìránṣọ. Fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Wave Cycle ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan fún ìgbà tó ń lọ sókè, ọ̀kan fún ìgbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, torí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ètò tirẹ̀, wọn ò ju ìlẹ̀kẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ kó bọ̀.

Ó wá ku fífà, ibi tí onílù ti ń fún ọsán nígbà tí ohùn ṣì wà lórí awọ, tí ohùn ìsàlẹ̀ ń rọ́ gòkè tàbí tí ti òkè ń rọ́ wálẹ̀. Tí ìyẹn ò bá sí, ìlù ń lu ni, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba fífà gidi sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi sórí element tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì AF1 (Assignable Function 1) tó wà lára kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń jáde. Tàbí kẹ́ ẹ lo pitch bend, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ohùn sókè tàbí wálẹ̀, nínú Motif, òkè àti ìsàlẹ̀ pitch bend ò dandan kó dọ́gba, ẹ lè sọ fún un pé òkè á gùn tó báyìí, ìsàlẹ̀ á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi etí wọ̀n ọ́n títí á fi bá bí onílù yín ṣe ń fún un mu. Èmi máa ń lo ti AF1 fún òpin gbólóhùn, pitch bend fún àárín ọ̀rọ̀. XS, XF àti MOXF ló ní gbogbo èyí tí mo sọ yìí.

Ohun tó kù ni pé MOXF ò lè gba ohùn sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà lẹ máa ti gbà á, kẹ́ ẹ wá gbé WAV wọlé pẹ̀lú fláàṣì USB, sórí bọ́ọ̀dù yẹn. XF ń gbà á tààrà, ẹ ki máíkì sẹ́yìn ẹ̀, onílù ń lù, ó wọlé.

Onídùùrù Apákẹ́

Háà! Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. XF6 ni màá bá ìgbìmọ̀ sọ, tí wọ́n bá sì ní kí n sọ ìdí ẹ̀, màá ní kí wọ́n wá ka ohun tí Àǹtí kọ nípa ọ́gáànù. Ìbéèrè méjì ló kù. Bọ́ọ̀dù fláàṣì, ṣé ti 512 tó àbí kí n wá ti 1024? Kí ni mo sì máa yẹ̀ wò tí mo bá débi tí wọ́n ti ń tà á, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ lórí ẹ̀.

Tíṣà Sọ́fà

512 tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ohùn tí wọ́n bá gbà ní mono, 16-bit, 44.1 kHz, ìṣẹ́jú kan ẹ̀ ń gba bíi MB 5. Gbogbo gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí Ọmọ Àyàn ṣàlàyé yẹn, tó o bá fi àgídìgbo kún un, kò lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó ń kó piano ńláńlá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló nílò 1024. Iwọ fi owó yẹn ra pẹ́dà tó dáa.

Nígbà tó o bá débẹ̀, má jókòó kó o máa lu orin. Tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó o fagbára tẹ̀ ẹ́, èyí tó bá ń pariwo ju àwọn tó kù lọ tàbí tí kò dáhùn nígbà tó o tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, fi sọ́kàn, torí rírọ́pò ẹ̀ níbí ò rọrùn. Lẹ́yìn náà gbé ọ́gáànù kan jáde látinú Category Search, kó o fa slider mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn gbọ́dọ̀ máa yí padà wẹ́rẹ́ láìfò, eruku máa ń ba ibẹ̀ jẹ́ ju ibikíbi lọ. Tẹ kọ́ọ̀dù strings kan, kó o tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i, kó o mọ̀ bóyá aftertouch ṣì ń jẹ́. Mú fláàṣì USB dání, fi nǹkan pamọ́ sórí ẹ̀ kó o tún kó o padà wọlé. Tí wọ́n bá sì ní bọ́ọ̀dù fláàṣì wà nínú ẹ̀, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, tẹ Utility kó o wá a níbẹ̀, ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ pé ó rí i.

Tó bá ṣeé ṣe, béèrè bóyá wọ́n ní XF7. Bọ́tìnnì 76 ni, ọwọ́ méjèèjì á ráyè rìn nínú hímù, tí ọwọ́ òsì bá ń lu bass kò ní máa bá ti ọ̀tún jà. XF8 ni mi ò ní sọ pé kó o wá, ó ju kìlò 28 lọ, iwọ nìkan kọ́ lo máa gbé e lọ sí ìsọjí.

Ọmọ Àyàn Ọ̀yọ́

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ínbọ́ọ̀sì. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà, màá gbé gángan méjì wá, ọ̀kan tó le àti ọ̀kan tó dẹ̀ díẹ̀, ẹ wá yàrá tí àga àti kọ́tìnnì pọ̀ nínú ẹ̀ kí ohùn má bàa máa ta padà, ká gbà á sínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.